Ẹ Bi Wá: Iyùn, Òkun àti Afẹ́fẹ́ Tó Ń Pọ̀ Sí I

Nínú ìwé wa ti oṣù tó kọjá, a kọ gbólóhùn mẹ́ta péré pé afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i lójú ọ̀run ń yí omi òkun padà, àti pé iyùn kò rọ́nà dàgbà dáadáa mọ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, mo sì ti pinnu láti fi gbogbo àyè yìí dá wọn lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ó sì ń dùn mí pé ìkánjú la fi kọ́kọ́ sọ ọ́.

*Àsàlámù àlékùn, Olóòtú. Ó lé ní 30 ọdún tí mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tí mo sì ń tà á ní Ọjà Ọba níhìn-ín. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ka ìwé yín, ó ní ẹ sọ pé ẹranko ni iyùn, àti pé èéfín ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ó dàgbà mọ́. Èmi mọ̀ pé òkúta ni làńtànà, àwọn bàbá wa ló ń ṣe é. Ṣé iyùn kì í ṣe òkúta bíi tirẹ̀ ni? Báwo sì ni èéfín tó wà lókè ṣe ń dé inú òkun?*
*Àlàájà onílẹ̀kẹ̀, Ìlọrin*

Wàálékùm sàlámù, Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ọmọ yín kò ṣì í gbọ́. Òkúta ni làńtànà lóòótọ́, òkúta pupa líle tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń lu ihò sí láàárín, tí wọ́n sì ń ha lórí àpáta títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà sọ pé ó bá àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé dé ìlú yìí ni. Inú ilẹ̀ ni òkúta yẹn ti wá. Iyùn kò bá a tan rárá, àfi ní ti àwọ̀.

Ẹranko ló kọ́ iyùn. Ara ẹranko náà rọ̀ bí ẹyin tí a kò tíì sè. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, ẹnu kan péré ló ní, tí àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ká, èyí tó fi ń mú oúnjẹ tó bá ń léfòó kọjá. Ojú kan náà tó bá ti jókòó sí ní kékeré ló máa wà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Nítorí pé ara rẹ̀ kò lágbára, ó ní láti kọ́lé, inú omi òkun náà ló sì ti ń fa ohun ìkọ́lé: calcium, àti nǹkan mìíràn tí à ń pè ní carbonate. Bí méjèèjì bá ti pàdé lábẹ́ ara rẹ̀, wọ́n á gan pọ̀ di òkúta. Ọmọ á yọ lára ìyá, ọmọ ọmọ á yọ lára ọmọ, gbogbo wọn á máa kọ́ tiwọn lé ti àwọn tó ti kú lórí, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà yóò máa ga sí i.

Oríṣi méjì kan wà tí kò yẹ kí a dà pọ̀. Èyí tó wà lọ́rùn àwọn ọba wa àti nínú àpótí yín ni iyùn pupa ti Òkun Mẹditaréníà, láàárín ilẹ̀ Ítálì àti àríwá Áfíríkà, tí àwọn Potogí àti àwọn òyìnbó mìíràn ti ń gbé wá tà ní Ìbíní àti ní ilẹ̀ wa láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Inú òkùnkùn ihò àpáta lábẹ́ omi ló fẹ́ràn, bí ó sì ṣe ń sanra sí i láàárín ọdún kan kò tó mìlímítà 1. Nítorí náà, bí ẹ bá mú ẹyọ iyùn kan tó sanra tó mìlímítà 10, ẹ mọ̀ pé ó ju ọdún 10 lọ tí ẹranko náà fi kọ́ ọ, ó sì máa ń tó 20 tàbí 30 nígbà púpọ̀. Àpajù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, kí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí tó dé. Oríṣi kejì ni ti òkun olóoru, tó ń kọ́ òkìtì ńláńlá lábẹ́ omi, irú èyí tó na ara rẹ̀ tó kìlómítà 2,300 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Ọsirélíà. Oríṣi kejì yìí ni àwọn onímọ̀ ti wádìí jù, òun náà ni màá sì sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo tọrọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tí kò ṣeé tà mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ládùúgbò mi: làńtànà kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, iyùn kan tó ti là sí méjì, àti ayédèrú iyùn oníke kan. Mo fi wọ́n sínú àwo kékeré mẹ́ta, mo sì fún òroǹbó wẹ́wẹ́ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Làńtànà dákẹ́. Ike dákẹ́. Lára iyùn, kò pẹ́ rárá tí mo fi rí ìfóófòó wínníwínní tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí wọ́n tò sí ojú ibi tó ti là, tí wọ́n sì ń já sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kírun Àsárì tán tí mo padà débẹ̀, dídán rẹ̀ ti lọ. Mo fi èékánná ha á, ìyẹ̀fun ló bá èékánná mi jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń já sókè yẹn gan-an ni carbon dioxide, tí ẹranko náà ti dè mọ́ inú òkúta rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà yín kí wọ́n má ṣe fi òroǹbó tàbí ohunkóhun tó bá kan fọ iyùn. Aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sínú omi lásán ti tó.

Ní ti bí èéfín ṣe ń dé inú òkun, kì í ṣe èéfín dúdú tí ojú ń rí ni à ń sọ. Carbon dioxide kò láwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí a bá sun epo, èédú, gáàsì tàbí igbó, òun ló ń jáde. Ẹ̀rọ amúnáwá tó ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ń tú u sílẹ̀, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà ń tú u sílẹ̀. Òun kan náà ni wọ́n fi agbára tì sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, tó máa ń hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí. Ní ti òkun, kò sí ẹni tó ń fi agbára tì í: ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá ti fara kan ojú omi, díẹ̀ nínú rẹ̀ á wọlé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo carbon dioxide tí ọmọ aráyé ń tú jáde lọ́dọọdún ni òkun ń gbé mì. Kí ayé ẹ̀rọ tó dé, ìwọ̀n rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù 1. Nígbà tí Charles Keeling, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958, ó ti tó nǹkan bí 315. Lónìí ó ti ju 420 lọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀, Olóòtú. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀fà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí etí àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí léèrè pé: bí carbon bá wà nínú ohun tí iyùn fi ń kọ́lé, tí carbon sì ń pọ̀ sí i nínú omi, ṣé kì í ṣe pé ohun ìkọ́lé rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni? Ó ní ṣebí carbon dioxide ni àgbàdo náà ń jẹ. N kò rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un.*
*Olùkọ́, Ọ̀fà*

Olùkọ́ wa, ẹ bá mi kí ọmọ náà kú làákàyè, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti takókó gan-an ló fọwọ́ bà. Carbon ń pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wúlò fún iyùn nínú rẹ̀ ń dín kù.

Bí carbon dioxide bá wọ inú omi, òun àti omi á di ásíìdì kan, irú ohun tó ń kan bí omi òroǹbó, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ásíìdì yìí kì í pẹ́ tú, ohun tó sì ń já sílẹ̀ lára rẹ̀ ni hydrogen, tí ń wá ẹni tí yóò so mọ́. Carbonate wà nítòsí, hydrogen á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á di bicarbonate. Láti ìgbà yẹn, carbonate náà ti bọ́ mọ́ iyùn lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wo bíríkìlà kan tó ń kọ́lé ní Ọ̀fà, tí ọkọ̀ ń já iyanrìn fún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ ọkọ̀ tó bá iyanrìn wá ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti já ẹrù tán. Òkìtì iyanrìn á máa ga, ẹni tó ń kọjá lọ á rò pé iṣẹ́ ń lọ; bíríkìlà nìkan ló mọ̀ pé òun kò ní rí ohun tí òun yóò fi lẹ búlọ́ọ̀kù mọ́ra wọn.

Òṣùwọ̀n tí à ń pè ní pH la fi ń mọ bí hydrogen inú omi ṣe pọ̀ tó; bí hydrogen bá ń pọ̀ sí i, nọ́ńbà rẹ̀ á máa wálẹ̀. Omi tó bá wà ní 7 kò fì sí ìhà kankan. Èyí tó bá wálẹ̀ kọjá 7 ń kan, èyí tó bá ga ju 7 lọ fì sí ìhà ti omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ojú omi òkun wà ní nǹkan bí 8.2 kí ayé ẹ̀rọ tó dé, ó ti wà ní nǹkan bí 8.1 báyìí. Nítorí náà, òkun kò tíì kan títí di òní, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé yóò kan bí òroǹbó inú àwo mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fojú kéré ìyàtọ̀ 0.1 yẹn. Ìṣísẹ̀ kan lórí òṣùwọ̀n yìí jẹ́ ìlọ́po 10, nítorí náà, 0.1 péré tó wálẹ̀ túmọ̀ sí pé hydrogen inú omi ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹni tó bá sọ pé òkun ń yọ́ iyùn bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀ ti sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ, èmi náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó kọjá. Iyùn kì í kọ́lé nínú omi gbangba. Láàárín ara rẹ̀ àti òkúta tó jókòó lé, àlàfo tóóró kan wà tó ní omi díẹ̀ nínú, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ti hydrogen jáde kúrò nínú àlàfo náà láìsinmi, kí carbonate lè pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìta lọ. Agbára ló ń ná sí i, inú oúnjẹ ni agbára sì ti ń wá. Bí hydrogen bá wá pọ̀ sí i níta, iṣẹ́ títì náà á le sí i, bíi ti ẹni tó ń gbọ́n omi òjò kúrò nínú yàrá nígbà tí àgbàrá ń kún sí i lẹ́nu ọ̀nà. Agbára tó bá ná sí omi gbígbọ́n, kò lè fi bímọ mọ́, kò sì lè fi wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn. Èyí ni mo fẹ́ kí ọmọ náà mú lọ sílé: ilé kíkọ́ ń di ọ̀wọ́n fún iyùn, tipẹ́tipẹ́ kí ògiri rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ó tún yẹ kí wọ́n mọ̀ pé bí iyùn ṣe ń sọ ohun ìkọ́lé di òkúta, carbon dioxide díẹ̀ ń jáde padà sínú omi. Kì í ṣe igi. Òkìtì iyùn kò bá wa fa carbon dioxide kúrò nínú afẹ́fẹ́ bí igbó ṣe ń fà á.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Oríṣi iyùn kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Porites, tó máa ń tóbi bí àpáta roboto. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gbẹ́ ọ̀pá kan jáde láti inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi irú ẹ̀rọ tí dókítà fi ń ya àwòrán egungun wò ó, wọn á rí ìlà ọdọọdún nínú rẹ̀ bíi ti inú igi tí a gé. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí òkun Woods Hole ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé bí omi ṣe ń yí padà, Porites kì í ṣíwọ́ gíga. Ohun tó ń dín kù ni bí òkúta rẹ̀ ṣe ki tó. Nígbà tí mo kà á, búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó ló wá sí mi lọ́kàn. Ó ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n bí òjò ọdún méjì bá lù ú, igun rẹ̀ á ti máa wó. Irú iyùn bẹ́ẹ̀ ni ìgbì máa ń ṣẹ́ kíákíá, òun náà ni àwọn kòkòrò tó ń gbẹ́ òkúta máa ń rí gbé. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní Ọsirélíà ní 2009 lórí Porites 328 fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ òkúta ti fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 dín kù láti 1990, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru wà lára ohun tó fà á, kì í ṣe ásíìdì nìkan.

Ibì kan wà tó dà bí ẹni pé a ti lọ sí ọ̀la tí a sì padà wá sọ ohun tí a rí. Ní Milne Bay, ní orílẹ̀-èdè Papua New Guinea, carbon dioxide ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ sínú òkun, ó sì ń hó gba àárín iyùn kọjá. Onímọ̀ kan, Katharina Fabricius, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí níbẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011. Níbi tí pH ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 7.8, ìyẹn ibi tí òkun gbogbo lè dé ní nǹkan bí ọdún 2100 bí a kò bá dín ohun tí à ń sun kù, iyùn ẹlẹ́ka tí àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí ti di díẹ̀, àwọn roboto bíi Porites ló gba ilẹ̀. Níbi tó ti wálẹ̀ kọjá 7.7, òkìtì iyùn kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n koríko inú òkun ń hù níbẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yín kò ṣìnà nígbà tó dárúkọ àgbàdo. Ẹni tí carbon dioxide ń ṣe lóore wà nínú òkun. Koríko ni, kì í ṣe ẹni tó ń fi òkúta kọ́lé.

*Mo kí yín o. Ìgbín ni mò ń sìn ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Bí n kò bá lọ èèpo ẹyin tàbí egungun mọ́ oúnjẹ wọn, karawun wọn máa ń fẹ́lẹ́ débi pé ọwọ́ lásán lè fọ́ ọ. Ṣé ohun tó ń ṣe iyùn nìyẹn? Mo sì gbọ́ lórí rédíò pé ooru ló ń pa á, tó ń sọ ọ́ di funfun. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?*
*Àgbẹ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo*

Ẹ kú oko o. Karawun ìgbín yín àti òkúta iyùn jẹ́ ohun kan náà, calcium àti carbonate, ṣùgbọ́n àìní wọn yàtọ̀. Calcium ni ìgbín ń wá nínú oúnjẹ tí kò rí. Òkun kò ṣaláìní calcium, ó pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹnìkejì rẹ̀ tó yẹ kí ó bá a gan pọ̀ ló ń sọnù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ̀yin ṣe lè mọ̀ ọ́n ni àwọn tó ń sin ẹran oníkarawun tí òyìnbó ń pè ní oyster ní etíkun Oregon àti Washington ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí 2007, ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹpẹtẹ; nígbà tí wọ́n wádìí, omi tó ń ti ìsàlẹ̀ òkun wá, tí ásíìdì rẹ̀ ga, ni kò jẹ́ kí wọ́n rí karawun àkọ́kọ́ wọn ṣe. Ní báyìí wọ́n ń wọn omi kí wọ́n tó gbà á sínú agbada, wọ́n sì ń fi èròjà ṣàtúnṣe rẹ̀.

Ní ti ooru, òótọ́ ni rédíò sọ, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn nìyẹn. Nínú ara iyùn òkun olóoru, ewé inú omi kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Òun ló ń fún iyùn ní àwọ̀, òun ló sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí omi bá gbóná ju bó ti yẹ lọ, kódà kí ó jẹ́ ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 1 péré ló fi ju ti oṣù tó máa ń gbóná jù lọ, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé ayálégbé yìí jáde. Ara rẹ̀ á wá dà bí gíláàsì, òkúta funfun abẹ́ rẹ̀ la óò máa rí. Kò tíì kú ní ọjọ́ náà, ebi ló ń pa á; bí omi bá tètè tutù, ewé lè padà wá. Ó ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé ní 1998, ní 2010, àti láti 2014 sí 2017, ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n sì kéde ìkẹrin rẹ̀. Iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ewé yẹn nínú ara, síbẹ̀ ooru òkun pa púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Mẹditaréníà ní 1999 àti 2003.

Ooru dà bí ibà tó dé lójijì, tí gbogbo ilé fi ń sáré. Ásíìdì dà bí àìsàn tó ń jẹ egungun láti ọdún dé ọdún, tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ló ń bà mí lẹ́rù jù: iyùn tí ibà ooru bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ilé rẹ̀ kọ́, àkókò yẹn gan-an ló sì ń bá ohun ìkọ́lé tó ti wọ́n.

*Ẹ káàsán, Olóòtú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òmù-Àrán. Ṣé òkìtì iyùn wà nínú òkun Èkó? Ṣé a kò lè da nǹkan sínú òkun kí ásíìdì náà lọ? Ìkẹta, àyẹ̀wò wo ni mo lè ṣe nílé nígbà tí màmá mi kò ní iyùn?*
*Akẹ́kọ̀ọ́, Òmù-Àrán*

Ìwọ ọmọ mi, o káre. Òkìtì iyùn ńlá kò sí ní etíkun wa. Omi tó mọ́ gaara, tí oòrùn lè wọ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ sì dúró déédéé ló fẹ́, àwọn odò ńlá wa sì ń kó ẹrẹ̀ àti omi aláìníyọ̀ lọ sínú òkun níbí. Odò Ọya tó ń kọjá ní Jẹ́bà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n má rò pé a kò bá iyùn da nǹkan pọ̀ rí. Púpọ̀ nínú owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, láti erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni wọ́n ti kó o wá, gbogbo ilẹ̀ Maldives sì jẹ́ ohun tí iyùn kọ́. Ibi tó ga jù níbẹ̀ kò ju mítà 2 àti díẹ̀ lọ sókè omi. Bí iyùn bá dẹ́kun kíkọ́ nígbà tí omi òkun ń ga sí i, àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí wọn yóò gùn sí.

Ìbéèrè rẹ kejì ti wà lọ́kàn àwọn àgbà onímọ̀. Ní 2016, Rebecca Albright, Ken Caldeira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n ṣe ní erékùṣù One Tree, ní gúúsù òkìtì iyùn ńlá Ọsirélíà. Wọ́n fi èròjà tó ń pa ásíìdì sínú omi tó ń ṣàn kọjá lórí iyùn, títí omi náà fi súnmọ́ bó ṣe rí kí ayé ẹ̀rọ tó dé. Kíkọ́ òkúta níbẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 yá sí i. Ní 2018 wọ́n gbé òdìkejì rẹ̀ jáde: wọ́n fi carbon dioxide kún omi náà kí ó lè rí bí a ṣe ń rò pé yóò rí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, kíkọ́ òkúta sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Àwọn ènìyàn máa ń tẹnu mọ́ ti kejì, ṣùgbọ́n ìdá 7 yẹn ló ká mi lára jù, nítorí pé ó jẹ́ ohun tó ti sọnù lọ́wọ́ iyùn kí ìwọ tó dé ayé, tí kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí rẹ̀.

Kí a máa da irú èròjà bẹ́ẹ̀ sínú gbogbo òkun kò rọrùn. Ibi kékeré kan ni wọ́n ti ṣe ti One Tree, fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, òkun sì bo ju ìdá 70 nínú 100 ojú ayé lọ. A ó wa èròjà náà, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e, epo ni a ó sì sun láti ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, mo sì ń fi ọkàn bá wọn lọ. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí èyí tó ń wọ inú afẹ́fẹ́ dín kù. Apá tiwa nínú rẹ̀ kéré sí ti àwọn orílẹ̀-èdè ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo: èédú tí à ń sun ní ìpínlẹ̀ Kwara wà lára rẹ̀, pàápàá nígbà tí a bá gé igi òrí tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, tí a kò sì gbin òmíràn dípò rẹ̀.

Ní ti àyẹ̀wò, mú karawun ìgbín tó ti fọ́, èèpo ẹyin kan àti òkúta wẹ́wẹ́ kan láti ẹ̀yìnkùlé. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife, fún òroǹbó wẹ́wẹ́ lé e, kí o sì wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o máa kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀. Owó ẹyọ náà yóò hó. Bí ìyá àgbà bá ní èyí tó ti fọ́ nínú àpò rẹ̀, tọrọ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe fún un, nítorí pé kò ní padà bọ̀ sípò.